Afárá Tí Kò Ní Oyin

Wẹ́dà kan wà ní Ṣàgámù. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ló ń ṣe, nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Likosi. Bí sàlẹ́ńsà yín bá ń pariwo, bó ti lu, bó ti já, òun ni wọn yóò ní kí ẹ lọ bá. Àdúgbò Òfin ni ilé rẹ̀ wà. Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Moyọ̀sọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní Abẹ́òkúta.

Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀rọ tó fi ń jó irin ń kú lọ.

Ẹ̀rọ náà ti gbó. Bó bá tàn án, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákẹ́. Irin tó bá fi jó á kàn lẹ̀ mọ́ra lójú ni, inú rẹ̀ kò ní wọra. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ọládiméjì dé. Ọládiméjì ni ọkùnrin tó máa ń kiri ọgbà mẹkáníìkì, tó ń wá kátálísì rà. Kátálísì ni àgbá irin kékeré tó wà lábẹ́ ọkọ̀, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Inú rẹ̀ ni èéfín ń gbà kó tó jáde. Bí ẹ bá la àgbá náà, ẹ ó bá nǹkan kan nínú rẹ̀ tó dà bí òkúta fúyẹ́, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, bí ilé oyin gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní afárá nínú ọgbà wọn.

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ̀rọ yín yìí ti ń húkọ́ o."

"Ó ti dàgbà ni. Ìwọ náà á dàgbà."

"Mo ní tuntun kan nílé. Kò tíì kúrò nínú páálí."

"O ṣeun. Máa jókòó tì í."

Ọládiméjì rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tó ní àwọ̀ eérú, tó dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Ìyàwó mi. Búréèkì ni wọ́n ń bá a ṣe."

"Afárá abẹ́ ọkọ̀ yẹn lọ́ràá ju ti gbogbo ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà yìí lọ. Ẹ fún mi ní afárá, kí n gbé ẹ̀rọ wá fún yín. Pàṣípààrọ̀ ni. Owó ò wọ ọ̀rọ̀ náà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an, tí ẹ fi ń wá a kiri bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ sọnù?"

"Irin mẹ́ta. Plátínọ́mù, paládíọ́mù, ródíọ́mù. Wọ́n fi ra ara afárá náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú lásán ò lè rí i. Ródíọ́mù yẹn, wúrà ò tó o."

"Kí ni irin tó ju wúrà lọ ń wá nídìí sàlẹ́ńsà?"

"Wọ́n ní ó ń fọ èéfín."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

"Òyìnbó! Wọ́n á fọ èéfín tán, wọ́n á tún sá a sórí okùn."

Bí ọ̀gá tó kọ́ wẹ́dà náà níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ ni, pé kátálísì kò wúlò, pé ó kàn ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́nà ni, pé ọkọ̀ máa ń sáré sí i bí wọ́n bá yọ ọ́. Oníbàárà tó bá ní kó yọ ọ́, á yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò jí ti ẹnikẹ́ni yọ rí. Ẹ kà á sí rere fún un. Kò jí ti ẹnikẹ́ni yọ rí.

Àtinúkẹ́ ló fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tó gbé e dé, ó dúró níwájú ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ na ọkọ rẹ̀ láyà díẹ̀.

"Bàbá Moyọ̀, ẹ má yọ ohunkóhun lára ọkọ̀ mi o. Mo mọ ẹ̀yin ará ọgbà yín. Bí ọkọ̀ bá sùn lọ́dọ̀ yín, á jí pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí."

Ó rántí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ń wo ọkọ̀ náà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ ìyàwó mi, ọkọ̀ mi ni.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó la àgbá náà ní gígùn, ó fa afárá yọ lódidi, ó pa òfìfo àgbá náà dé padà, ó sì jó o, kó lè jẹ́ pé bí Àtinúkẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á rí i pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kú lọ yẹn ló fi jó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ìjó náà, èyí tó wà lápá òkè tó kọjú sí ìjókòó, kò wọra dáadáa. Ó rí i.

"Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, màá tún un jó."

Nírọ̀lẹ́, nílé, ó pe Ọládiméjì lórí fóònù.

"Mo ti yọ afárá náà. Odindi ni, kò fọ́. Wá gbé e lọ́la."

Àtinúkẹ́ gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó yọ orí sí i, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Afárá kẹ̀? Bàbá Moyọ̀, ẹ ra oyin, ẹ ò wí fún mi?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ni. Àtinúkẹ́ á bínú dé ọjọ́ Wẹ́sìdé, á ní kó dá a padà, kó sì tán.

"Mo fẹ́ kó bá ọ lójijì ni," ó wí.

"Ta wá ló ń bọ̀ wá gbé e lọ́la?"

"Afárá nìkan ló ń gbé. Oyin ni tìrẹ."

"Ojúlówó ni àbí oníṣúgà?"

"Ojúlówó."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìpara. Ó rí àgbẹ̀ kan tó ń ta oyin, ó ra ìgò ńlá kan, ó gbé e wálé. Àtinúkẹ́ tọ́ ọ wò. Ó pa ojú dé.

"Bàbá Moyọ̀," ó wí. Ó tún fi ìka bù ú.

Ọládiméjì kò yẹ àdéhùn. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ tuntun dé, nínú páálí. Àwọn oníbàárà padà. Iṣẹ́ pọ̀. Ó ní lọ́la lòun máa tún ti Àtinúkẹ́ jó. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti ṣe ìdánwò tán.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Àtinúkẹ́.

"Bí mo bá ti dé ilé-ìwé, orí á máa là mí, èébì á máa gbé mi. Tó bá di ìsinmi ọ̀sán, kò sí mọ́."

"Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ló pọ̀ jù."

"Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. Àbí orí mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wọ́n?"

"Lá oyin díẹ̀."

Ó ń lá a. Láràárọ̀, ó ń po ṣíbí kan mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á mu ún ní ìdúró, á nu ẹnu, á wọ ọkọ̀.

"Oyin yín yìí mà ń ràn mí lọ́wọ́ o."

Ṣé kò fura ni? Ó fura lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ Sátidé, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó rí èéfín dúdú tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó yẹn, bí tìróò. Ó na ìka kàn án. Ó dúdú. Oníbàárà kan pè é níta pé òun ń kánjú lọ sí Ìkòròdú.

Ẹ dúró níbẹ̀ wò ó díẹ̀. Ó rí i. Ó sì dìde.

Oṣù kẹfà ni òjò ńlá kan rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ilé-ìwé ti jáde. Hàmdálátù, tíṣà ẹgbẹ́ Àtinúkẹ́, ló sọ fún wẹ́dà náà bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Mo ní kó wá jókòó tì mí nínú ọ́fíìsì. Ó ní rárá, pé òrùlé ọ́fíìsì ń jò sára ìwé àwọn ọmọ. Ó ní òun á tan éésì nínú mọ́tò, òun á máa máàkì títí òjò á fi dá. Ó tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n máa bá ewúrẹ́ tó sá òjò wọ ọ́fíìsì ṣeré."

Òjò náà ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó dá, Hàmdálátù lọ kan gíláàsì. Ìwé àwọn ọmọ wà lórí itan Àtinúkẹ́, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà pe ọkọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Moyọ̀sọ́lá ti dé láti Abẹ́òkúta, ó dúró tì wọ́n.

"Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà ní títàn. Ṣé kò sí ohun tó ṣe sàlẹ́ńsà rẹ̀?"

Ó mọ̀. Bí dókítà ṣe la ẹnu ló mọ̀. Èéfín dúdú tó lẹ̀ bí tìróò ló wá sí i lọ́kàn.

"Wẹ́dà sàlẹ́ńsà ni mí, dókítà," ó wí. "Kò sí ohun tó ṣe é."

Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó lápá kan, ó gbà á gbọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkàn Àtinúkẹ́ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Wọ́n sin ín sí Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ ní ẹ wo bí ètè rẹ̀ ṣe pọ́n, ẹ wo bó ṣe dán, àfi bí ẹni tó sùn. Wọ́n rò pé ìtùnú ni; wọn kò mọ̀ pé èéfín ló kùn ún bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà kò sunkún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ó mọ́kàn le. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jẹun bí wọ́n bá gbé e wá. Ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i. Ó ń jó irin, irin náà sì ń wọra dáadáa, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun ni.

Ọkọ̀ àwọ̀ eérú wà níwájú ilé ní Òfin. Ewé ń bọ́ sórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, Moyọ̀sọ́lá parí ẹ̀kọ́, ó rí iṣẹ́ tíṣà sí ilé-ìwé gírámà kan ní Ìpẹ̀rú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀.

"Dádì, màá máa wa ọkọ̀ Mọ́mì lọ síbi iṣẹ́."

"Má wà á."

"Kí ló dé?"

"Ọkọ̀ náà ò dáa."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún dókítà pé kò sí ohun tó ṣe é? Mo wà níbẹ̀."

Ó yọjú wo ọkọ̀ náà láti ojú fèrèsé.

"Ó ti pẹ́ tó ti wà lójú kan," ó wí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Bùrọ̀dá Hussain. Bí wọ́n bá ní kò dáa, mi ò ní wà á."

Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ yẹn sí Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Ó lè tún un jó ní ìdákọ́ńkọ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e kọjá ibẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ padà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀ pátápátá.

"Dádì, eruku ń wọlé."

"Jẹ́ kó wọlé."

Hussain, mẹkáníìkì tó wà nítòsí oríta ńlá Ṣàgámù, jẹ́ aláwàdà èèyàn. Ó pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí wọn.

"Ọ̀gá wẹ́dà fúnra wọn gbé ọkọ̀ wá bá mi! Ẹ bá mi mú àga wá o, ayé ti yí!"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e sójú oòrùn fún Moyọ̀sọ́lá wò.

"Wo ẹnu rẹ̀, ọmọ mi. Ìrídíọ́mù ló wà níbẹ̀ yẹn, bí orí abẹ́rẹ́. Iná ń ṣẹ́ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò jẹ ẹ́. Irin lásán á ti yọ́ dànù. Irin tó ṣọ̀wọ́n ni ẹ́ńjìnnì ń bá ṣọ̀rẹ́."

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà. A kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ ọ! Èmi fi ọwọ́ jíjó mọ̀ ọ́n ni."

Ó gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó na ìka kan àgbá irin náà.

"Áà! Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

"Kí ló ṣe é, sà?" Moyọ̀sọ́lá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Wọ́n la kátálísì, wọ́n wá pa á dé bí ẹni lẹ àpò lẹ́tà. Wò ó, ó ya láti ibí dé ibí. Tààrà sábẹ́ ìjókòó ni èéfín ń lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ náà sì ti lu." Ó yọ orí jáde. "Wẹ́dà tó ṣe èyí, ẹ̀rọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi jó o lọ́wọ́ pọ̀. Àbí, ọ̀gá wẹ́dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

"Àwọn olè ni. Ìyá rẹ á ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn kan láìmọ̀. Wọ́n ti yọ afárá inú rẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún un. Àwọn olè. Àwọn kan. Kó ṣáà mi orí ni.

Ó mi orí.

"Wọ́n yọ kí ni?" Moyọ̀sọ́lá béèrè.

"Afárá. Ohun tí à ń pè é nìyẹn, torí ó rí bí ilé oyin."

Moyọ̀sọ́lá dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àtàǹpàkò yí i sókè, sókè, títí ó fi dé ohùn kan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i ní oṣù kẹta. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Àtinúkẹ́ jáde láàárín ọgbà náà.

"Moyọ̀, ṣé o ti jẹun? Bàbá rẹ ti di olóyin o! Mo ń fọ abọ́ lánàá, mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, 'Mo ti yọ afárá náà, odindi ni, kò fọ́.' Àṣé oyin ló ń fi pamọ́ dè mí! Ọkùnrin yẹn, ó lè má sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ro tèmi. Bí o bá délé, màá bu díẹ̀ fún ọ. Díẹ̀ o!"

Ó rẹ́rìn-ín. Fóònù dákẹ́.

Hussain wo ọ̀gá wẹ́dà. Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá sípánà òun. Sípánà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà rò pé ohun kan máa ṣẹlẹ̀ sí òun lára. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tírélà kan kọjá lójú títì. Ó ń wo àmì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kà á tán.

"Dádì." Ohùn Moyọ̀sọ́lá rọlẹ̀, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. "Májèlé kan wà nínú èéfín ọkọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá wọ inú afárá yẹn, tó kan àwọn irin tó wà lára rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tí kì í pani bẹ́ẹ̀. Irin náà kì í bá a lọ, kì í tán, iná kì í jẹ ẹ́. Ìdí tí wọ́n ṣì fi ń wá a, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nìyẹn. Májèlé á wọlé láti ibí, afẹ́fẹ́ á jáde lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Nígbà tí mo yọ ọ́, mi ò mọ̀."

"Nígbà tí dókítà béèrè ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ nígbà yẹn."

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Hussain. Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò padà sílé, Moyọ̀sọ́lá jókòó níwájú, bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n délé, Moyọ̀sọ́lá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìgò oyin jáde. Ó ku ìdajì. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀.

"Èyí ni ẹ fi ń wo orífífọ́ Mọ́mì," ó wí.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìpẹ̀rú lọ́jọ́ náà, ó gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé rẹ̀.

Oṣù méjì kọjá kó tó padà wá. Kò jókòó.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí Mọ́mì máa ń kà. Àwọn wẹ́dà ń kà á, ìyàwó àwọn wẹ́dà náà ń kà á."

"Mi ò mọ̀ ọ́n kọ."

"Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Ó kọ ọ́. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò lè fi "èmi" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọ "èmi", ọwọ́ rẹ̀ á dúró, bó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ó wá kọ ọ́ bí ìtàn ẹlòmíràn, wẹ́dà kan tó wà ní Ṣàgámù.

Moyọ̀sọ́lá mú un lọ kà. Ó dá a padà. Ó ti fi bírò pupa tún àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò kọ dáadáa ṣe, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Kò kọ ohun mìíràn sí i, àfi lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: *Ẹ pe orúkọ yín.*

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Kí ẹ má wo àgbá nìkan, ẹ bi wẹ́dà yín ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, tó sì ń fi í sílẹ̀ bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fún un ní oyin.

Dúrótìmí Ṣóbọ̀wálé ni orúkọ mi. Èmi ni mo yọ afárá náà. Odindi ni, kò fọ́.